Etí Òmìrán

Bí ẹ bá fẹ́ rí obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, Àǹtí Òmìrán ni kí ẹ wá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tó bí orúkọ náà. Kì í ṣe pé ó tóbi. Obìnrin kúkurú ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ohùn rẹ̀ nìkan ló tó ti ènìyàn mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ríran ní orúkọ ẹ̀yà ara wọn, àti bí wọ́n ṣe máa gbé ara náà rìn kiri, kí wọ́n tó dàgbà tó ilé ìwé gidi. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà. Ọmọ tó ríran ti ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Èyí tí kò ríran, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ẹsẹ̀ wà, pé méjì ni, pé ọ̀kan a máa dúró kí èkejì tó lọ.

Kì í ṣe àánú ló gbé e dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká má purọ́ fúnra wa. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ìdánwò fìdí rẹ̀ janlẹ̀, ó tún ṣe é, ó tún fìdí rẹ̀ janlẹ̀, ló bá ní kí òun fi iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ yìí sún ọjọ́ díẹ̀ síwájú. Ọjọ́ díẹ̀ náà ló di irun funfun lórí rẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ọ́.

Ìtàn ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọmọláńgidi aláṣọ tí wọ́n fi fóòmù kún inú rẹ̀, àwọn ọmọ fa ọwọ́ rẹ̀ já, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́nu jẹ. Ní ọjọ́ kan tí ariwo wọn ti sú u pátápátá, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, pé inú òmìrán kan ni gbogbo wọn wà, òmìrán náà sì ń sùn. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé ìwé ti di ara ènìyàn.

Ká sòótọ́, èdè wa ló ti ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Ta ni kì í pe ẹnu ọ̀nà ní ẹnu ọ̀nà? Ilé ní inú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ojú fèrèsé. Ohun tí Àǹtí ṣe kò ju pé ó mú ọwọ́ àwọn ọmọ, ó ń gbé e kan nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, wọ́n á dúró sí ẹnu Òmìrán, wọ́n á fọwọ́ kan ètè ara wọn, wọ́n á fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn, wọ́n á wá wọlé. Òmìrán ti gbé wọn mì nìyẹn. Ọ̀nà tóóró tó wọ kíláàsì ni ọ̀fun rẹ̀, kíláàsì ni inú rẹ̀. Ògiri ni ara rẹ̀, ó tutù láàárọ̀, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí oòrùn bá ti kàn án. Bí Òmìrán bá wúkọ́, kí gbogbo ọmọ fò sókè. Bó bá yíra padà lójú oorun, kí wọ́n yí gbirigbiri lórí ẹní títí wọ́n á fi kan ìhà rẹ̀. Kò gba gbẹ̀rẹ́ o. Ọmọ tó bá pe ìgúnpá ní orúnkún, orúnkún náà ni yóò fi kúnlẹ̀ títí yóò fi mọ ìyàtọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Ẹrù. Bàbá rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà. Awakọ̀ tírélà ni bàbá náà, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ tán. Ó ní ẹrù lòun ń gbé lójú títì, òun délé, òun tún bá òmíràn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, orúkọ sì jókòó. Ìyá ọmọ náà, alágbàfọ̀ tí omi ọṣẹ ti bó àwọ̀ ìka rẹ̀, ló ń gbé e pọ̀n wá láràárọ̀. Ọmọ náà ti ju ẹni à ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kì í ṣe arọ. Dókítà ti wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Kò kàn sí ẹni tó ní sùúrù láti dúró kó rìn, pípọ̀n yá jù. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sórí ẹní, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa bá a nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ilé ìwé dé.

Nígbà tí táàmù ń lọ sópin, bàbá rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Kò wọlé. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tírélà rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe tíṣà wá.

"Tíṣà, mi ò bá yín jà," ó wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá parí táàmù, kọ́mọ yìí fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde wá bá mi níbí. Tí ò bá rìn, mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ti ń bàjẹ́."

Àǹtí mọ ẹ̀gbọ́n náà. Ó ti wá mú ọmọ náà nílé ìwé rí, ó sì ti sọ níṣojú gbogbo ènìyàn pé òun ti ní àyè tí òun máa gbé e sí, ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá àwọn jókòó sí títí tó fi kú. Kò ní yọ òun lẹ́nu, ó ní, ìyá àwọn náà kò yọ òun lẹ́nu. Bó ti sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn ló dun Àǹtí. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń jágbe mọ́ jù. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé ọmọ yìí máa rìn dé gétì, àní bó bá gba kí òun fi irọ́ tì í débẹ̀. Irọ́ náà ló sì fi tì í.

Nínú kíláàsì, ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Aláròyé, nítorí pé kò sí ohun tí kì í bi ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn, wọ́n ń ka ara Òmìrán láti orí dé ẹsẹ̀, Aláròyé bá ní, "Àǹtí, etí ẹ̀ ńkọ́?"

Àǹtí kò rò ó rí. Láti ìgbà tó ti ń sọ ìtàn náà, kò fún Òmìrán ní etí. Ó fẹ́ sọ pé kò ní, ṣùgbọ́n ó rí i pé Ẹrù, tí kì í gbé orí sókè, ti gbé orí sókè, ó ti yí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ síbi tí ohùn ti ń bọ̀. Kíá ni ọgbọ́n wọlé sí Àǹtí lórí.

"Ó ní etí," ó wí. "Ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀, tí ò di ẹnikẹ́ni mú, tó bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀, Òmìrán á gbọ́."

Ọjọ́ náà gan-an ni Ẹrù dìde. Ó di okùn tí wọ́n ta mọ́ ògiri mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rìn díẹ̀, ó ṣubú, kò sunkún. Nígbà tó ṣe, ó jọ̀wọ́ okùn. Ṣé ẹ ti rí i kí ènìyàn máa kọ́ ara rẹ̀ ní ìrìn pẹ̀lú etí àti àtẹ́lẹwọ́? Ó ń ná apá méjèèjì síwájú, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri lókè, ó ń bẹ̀rẹ̀ tọ́ ọ nísàlẹ̀, ó ń gbé ẹnu mọ́ kọ̀rọ̀ yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń dúró kó gbọ́ bóyá wọ́n dá a lóhùn. Kò bá etí pàdé. Á wá béèrè lọ́wọ́ Àǹtí pé ṣé òun ti débẹ̀, Àǹtí á ní ó kù díẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kù díẹ̀. Àǹtí wọ ilé ìtọ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún ayọ̀, ó bọ́jú, ó jáde wá jágbe mọ́ wọn. Nípa etí tó ṣèlérí, kò yan ibì kankan fún un. Ọmọ tó bá rí ohun tó ń wá á jókòó, òun kò sì fẹ́ kí Ẹrù jókòó mọ́.

Ilé ìwé náà, ilé àtijọ́ ni, wọ́n kọ́ ọ sórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Iwájú rẹ̀ bá títì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ènìyàn tó nàró lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ dáadáa. Irin tí wọ́n fi dábùú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti dógùn-ún, wẹ́dà tú u lọ pé òun fẹ́ lọ tún un ṣe, kò sì tíì gbé e padà. Màdámú tó ni ilé ìwé ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Nísàlẹ̀, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ni alásè ti ń fọ ìkòkò. Bí àwọn ọmọ bá jáde ìsinmi, Bàbá Gétì, ọkùnrin àgbàlagbà tó ń ṣọ́ gétì iwájú, á gbé àga rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jókòó síbi tí irin wà tẹ́lẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà. Ohun kan náà ni yóò máa sọ títí ìsinmi á fi parí: "Ẹ má dé etí ibẹ̀ o. Ẹ kúrò létí ibẹ̀." Kò sẹ́ni tó tún ń gbọ́ ọ. Ó ti dà bí ẹni tó ń kí ènìyàn ẹ káàárọ̀.

Ẹnì kan ń gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ parí táàmù, ọkọ̀ omi dé sí gétì nígbà ìsinmi, awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè bí ẹni tí iná ń jó. Bàbá Gétì dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Àǹtí wà nínú kíláàsì, ó ń nu imú Aláròyé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu alásè la ti gbọ́ ọ. Ó ní òun gbójú sókè láti ìdí ìkòkò, òun rí Ẹrù tó dá dúró lókè, kò di nǹkan kan mú, ó ti na apá síwájú, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ó rìn títí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ síta. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó ní, "Òmìrán, mo ti rìn dé o."

Alásè fò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ, kò sì sí àkàbà. Ó wá ké sí ọmọ náà bí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe ké sí i.

"Etí lo wà yẹn o! Etí nìyẹn!"

Alásè ní ohun tí kò yé òun títí di òní ni pé ojú ọmọ náà túká. Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí òun kò rí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó tẹ etí ara rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Kò kú. Egungun itan rẹ̀ ló kán, orí rẹ̀ sì bẹ́ níbì kan tí wọ́n rán. Bàbá rẹ̀ dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ọlọ́pàá lòun ń pè, ẹnì kan ló máa sọ fún òun ohun tí ọmọ òun ń wá níbẹ̀. Màdámú kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí ọ́fíìsì. Alásè sọ tirẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun kìlọ̀ fún un, òun pariwo pé etí ni, ọmọ ò gbọ́. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé Àǹtí Òmìrán. Òun nìkan ló yé nínú gbogbo wọn. Ọmọ náà gbọ́. Ó gbọ́ dáadáa.

Gbogbo wọn wá wo Àǹtí pé kó sọ tirẹ̀, òun tó ni kíláàsì. Ó ní òun wà nínú ilé, òun ń nu imú ọmọ, iṣẹ́ òun kò kan ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òótọ́ ni. Ó gbé ìyókù mì. Màdámú kò sọ̀rọ̀ irin tí kò sí níbẹ̀, ó ní ta ló ń jókòó síbẹ̀ nígbà ìsinmi, ta ló dìde. Wọ́n lé Bàbá Gétì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá ọmọ sì gbà pé ìyẹn tó òun.

Bàbá arúgbó náà bá Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ń gbé àga rẹ̀ lọ. "Tíṣà, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dé etí ibẹ̀," ó wí. "Ṣé wọn ò gbọ́ mi ni?"

"Ọmọdé ni wọ́n, Bàbá," Àǹtí dá a lóhùn, ó sì yà fún un kó kọjá.

Ó yẹ kó lọ wo ọmọ náà ní ọsibítù, kò lọ. Ìgbà tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé e wálé, tí bàbá rẹ̀ ń jókòó tì í ní gbogbo alẹ́, tó ń bi í pé kí lo lọ wá, ta ló rán ẹ níṣẹ́, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá. Ẹ má jẹ́ ká fún un ní oyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rù ló ń gbé e lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ti sọ.

Ìyá ọmọ náà wà níta, ó ń sá aṣọ olówó aṣọ. Bàbá ti gbé tírélà lọ. Obìnrin náà nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí tíṣà, ó ní kó wọlé, bóyá ọmọ náà máa dá a lóhùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, ọmọ ò sọ̀rọ̀. Kì í mira. Dókítà ní egungun ń jinná, pé ó máa rìn, ṣùgbọ́n ọmọ ò gbé ọwọ́, ò gbé ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá pàápàá. Oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ń fi síbí kéékèèké tì í gba àárín eyín. "Ọ̀la lẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ń bọ̀ wá gbé e," ó wí. "Bàbá ẹ̀ ní tó bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kí wọ́n mọ̀ pé orí ẹ̀ ò dàrú, òun á fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ohùn yín ló máa ń gbọ́."

Ohun tó kọ́kọ́ wọ Àǹtí lọ́kàn ni pé ọmọ ò tíì sọ nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tijú ìbàlẹ̀ ọkàn náà, ṣùgbọ́n ó balẹ̀.

Ó wọlé, ó fi ìyá sílẹ̀ nídìí aṣọ. Ẹrù dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun dì í láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ètè rẹ̀ há mọ́ra. Àǹtí pè é, ó jókòó tì í. Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, díẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ.

"Àǹtí, ẹ fọwọ́ kan mí."

Àǹtí fọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Kì í ṣe ibẹ̀. Ìsàlẹ̀."

Ó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì náà. Ó tutù, ó le, ó rí gbágungbàgun bí ara ògiri tí wọn kò rẹ́ dáadáa.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Ògiri ni. Òmìrán gbọ́ mi, ó ń sọ mí di ilé. Ó ti dé ìbàdí mi." Ó mí. "Ilé kì í rìn, Àǹtí. Ẹ má jẹ́ kí màámi wọnú mi. Mi ò fẹ́ gbé wọn mì. Mo ti pa ẹnu mọ́ kí wọ́n má baà rí ọ̀nà."

Àǹtí Òmìrán, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, sọ ọ́ wúyẹ́ pé kì í ṣe ògiri, oògùn dókítà lásán ni, wọ́n á là á kúrò.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ògiri lara ẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n rìn dé etí ẹ̀."

Ẹ̀yin lẹ sọ. Àǹtí gbọ́ ọ bí bàbá ọmọ ṣe máa gbọ́ ọ lálẹ́, bí Màdámú ṣe máa gbọ́ ọ, bí Bàbá Gétì níbikíbi tó wà ṣe máa gbọ́ ọ. Kò mọ ìgbà tó gbọ́wọ́ lé ẹnu ọmọ náà. Ó rọra gbé e lé e ni. Kò tẹ̀ ẹ́ rárá.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà gbéra. Ìyá rẹ̀ yọ orí wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀.

"Àǹtí, ó dà bí pé mo gbọ́ ohùn. Ṣó ti sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá," ni Àǹtí wí. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan."

Ọmọ náà gbọ́, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.